Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ègé Iyùn Rírọ̀ Títí Á Fi Jinná Nínú Táǹkì Omi Òkun

Ẹni tó bá ní abẹ tó mú lè gé iyùn rírọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e ló ń dààmú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ègé á sún kì, á da ikun bo ara rẹ̀, á já kúrò lórí òkúta tí wọ́n so ó mọ́, ìṣàn omi á sì gbé e lọ sẹ́yìn àpáta níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó o mọ́. Èyí tó bá kú nínú wọn, abẹ kọ́ ló sábà máa ń pa á. Ikun tí kò rí omi gbé e lọ ni, tàbí okùn tó fún jù, tàbí ọwọ́ olówó rẹ̀ tí kò jẹ́ kó sinmi.

Iyùn rírọ̀ kò ní egungun líle bíi ti àwọn iyùn olókùúta. Omi tó kún inú ẹran ara rẹ̀ ló gbé e nàró, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rún ẹfun wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní sclerite, èyí tó fọ́n ká inú ẹran náà. Ìdí nìyẹn tí ègé fi ń rọ wálẹ̀ ní kété tí abẹ bá ti kàn án: omi inú rẹ̀ ti jò dànù. Lẹ́yìn náà ló máa da ikun bo ojú ọgbẹ́. Ikun yìí wúlò, nítorí òun ló ń dáàbò bo ẹran tó ṣí sílẹ̀ títí etí ọgbẹ́ á fi fà mọ́ra. Àmọ́ tó bá pẹ́ lójú kan, bakitéríà á pọ̀ sínú rẹ̀, ọ́síjìn á tán lábẹ́ rẹ̀, ẹran tó yẹ kó jinná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Orí ikun yìí ni ọ̀rọ̀ ìṣàn omi, ọ̀rọ̀ okùn àti ọ̀rọ̀ ibi tí ègé máa dúró sí dá lé.

Kì í ṣe ikun nìkan ló ń jáde. Sarcophyton, Sinularia àti Lobophytum, àwọn tí wọ́n ń pè ní leather coral, máa ń tú kẹ́míkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ terpene sínú omi láti fi lé àwọn aládùúgbò wọn sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí a bá gé wọn, ó máa ń pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú táǹkì kékeré, àwọn iyùn olókùúta tó wà nítòsí lè pa dé fún ọjọ́ mélòó kan nítorí rẹ̀. Èédú ìsẹ́mi, ìyẹn activated carbon tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, ló ń fa kẹ́míkà yìí kúrò, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé abẹ láìjẹ́ pé èédú ti wà nílẹ̀.

Kí abẹ tó kan iyùn

Iyùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ táǹkì kò tíì ṣeé gé. Ẹ jẹ́ kó lo oṣù kan ó kéré tán, kó sì máa la pọ́líìpù rẹ̀, àwọn ọwọ́ kéékèèké tó fi ń jẹun, lójoojúmọ́ láìṣe ségesège. Bákan náà, ẹ fi èyí tó ń bọ́ awọ lọ́wọ́ sílẹ̀. Leather coral a máa pa dé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán á bo orí rẹ̀, á sì bọ́ dànù. Kì í ṣe àìsàn, àmọ́ kì í ṣe ìgbà tó yẹ ká tún dá ọgbẹ́ sí i lára.

Omi tí ègé ń jinná sí dáadáa nìyí: ìgbóná 24 sí 26 °C, iyọ̀ 35 ppt, ìyẹn specific gravity 1.025 sí 1.026, alkalinity (agbára omi láti má ṣe jẹ́ kí pH rẹ̀ yí padà) 8 sí 9 dKH, kálísíọ́mù 400 sí 440 ppm, magnésíọ́mù 1250 sí 1350 ppm, amóníà òfo. Náítíréètì 5 sí 15 ppm àti fọ́síféètì 0.03 sí 0.1 ppm kò burú rárá. Kódà, omi tí wọ́n fọ̀ mọ́ débi pé náítíréètì rẹ̀ di òfo kò bá iyùn rírọ̀ lára mu. Ègé á kàn máa rù sí i ni. Bí iye tí ẹ rí bá yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, àmọ́ tí kò tíì yí padà láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn máa da alkalinity sókè lọ́jọ́ tó fẹ́ gé iyùn burú ju kó gé e nínú omi tó jẹ́ 7.5 dKH.

Ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ po omi iyọ̀ tuntun tó tó ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún omi táǹkì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa rò ó, kí ìgbóná rẹ̀ sì bá ti táǹkì mu. Ẹ wọn èédú ìsẹ́mi bíi 60 ml fún 50 lítà omi, ẹ fi omi tí kò ní kẹ́míkà ṣan eruku dúdú ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ dì í sínú àpò àwọ̀n, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí omi á ti gba àárín rẹ̀ kọjá. Tó bá kàn wà ní kọ̀rọ̀ kan tí omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, kò ṣiṣẹ́ kankan.

Gígé àti fífọ̀

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì fi awò bo ojú. Fún leather coral, ìwà ìmọ́tótó lásán ni. Fún Zoanthus àti Palythoa, àwọn iyùn kéékèèké tó ń tẹ́ bo òkúta, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni: àwọn kan nínú wọn ní palytoxin, oró tó lè gba ojú ọgbẹ́ kékeré ọwọ́ wọlé, tó sì lè ta sí ojú nígbà tí wọ́n bá sún kì tí wọ́n tu omi jáde. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná fọ òkúta tí wọ́n wà lórí rẹ̀, ẹ má sì sè é láéláé. Oorú rẹ̀ ti gbé àwọn èèyàn dé ilé ìwòsàn.

Inú abọ́ tí omi táǹkì wà nínú rẹ̀ ni ká ti gé e, kì í ṣe inú táǹkì fúnra rẹ̀. Abẹ tuntun ni kẹ́ ẹ lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ sì fà á. Sísọ́ọ̀sì tó ti kú máa ń tẹ ẹran náà fọ́, ẹran tó fọ́ kì í sì í fà mọ́ra, rírà ló ń rà. Ẹ gé ègé tó tó 2.5 sí 4 cm. Èyí tó kéré sí i lè yè, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ara tó kù lọ.

Ẹ kó àwọn ègé sínú abọ́ kejì tí omi táǹkì tuntun wà, pẹ̀lú pọ́ǹpù atẹ́gùn kékeré, fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Àsìkò yìí ni wọ́n máa tu ikun àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ jù lọ. Ẹni tó bá kánjú so ègé mọ́ òkúta kó tó tu ikun yìí tán á rí i pé ó ti já kúrò lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè rì wọ́n sínú omi àyódíìnì tí wọ́n ṣe fún iyùn. Ìwọ̀n tó wà lára ìgò ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú 10. Omi táǹkì ni kẹ́ ẹ fi pò ó, torí omi tí kò ní iyọ̀ á bẹ́ ẹran ara wọn. Ẹ ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì da gbogbo omi abọ́ nù. Tí omi àyódíìnì tàbí omi ikun bá padà sínú táǹkì, protein skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófòó yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi, á hó kọjá ààlà, á sì da ìdọ̀tí sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Xenia, irú iyùn rírọ̀ mìíràn, ni a kì í rì sínú àyódíìnì. Ó lè yọ́ lẹ́yìn rẹ̀, omi táǹkì mímọ́ tó ń ṣàn sì tó fún un.

Síso ègé mọ́ òkúta

Ibí ni iṣẹ́ wà. Súpà gúlù tó ki, èyí tó jẹ́ cyanoacrylate, máa ń gan pa lára ikun, kì í gan mọ́ ẹran. Lójú ẹni tó ń wò ó, ó ti lẹ̀. Ní wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn náà, ègé á ti tú gúlù náà bọ́ kúrò lára bí awọ. Gúlù dára fún Briareum, ìyẹn green star polyp, torí pé abẹ́ rẹ̀ jẹ́ awọ elésèé àlùkò tó le, tí kò ní ikun púpọ̀. Ó dára fún Zoanthus tó bá ní òkúta díẹ̀ lábẹ́. Fún leather coral, Xenia àti Capnella (iyùn rírọ̀ tó rí bí igi kékeré), ẹ wá nǹkan mìíràn.

Fún leather coral, igi ìtayín àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fọwọ́ sí jù. Ẹ ti igi náà la ẹsẹ̀ ègé kọjá ní ìbú, ní nǹkan bíi 1 cm sókè ojú ọgbẹ́, kí orí méjèèjì yọ síta. Ẹ gbé ègé náà lé frag plug (òkúta kékeré tí wọ́n ṣe fún síso ègé) tàbí àfọ́kù òkúta tó ní ihò tó sì rí gbágungbàgun, kí ojú ọgbẹ́ kọjú sí òkúta. Ẹ wá fi rọ́bà kọ́ orí igi kan, ẹ fà á gba abẹ́ òkúta, kí ẹ fi kọ́ orí kejì. Igi ló ń gba agbára rọ́bà náà. Rọ́bà kò kan ẹran rárá. Ohun tí a fẹ́ nìyẹn, nítorí rọ́bà tó bá kan ẹran á gé e sí méjì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pàápàá nígbà tí ègé bá tún padà kún fún omi. Ìwọ̀n tó yẹ ni pé kí ègé má ṣe yí tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, kí orí igi ìtayín mìíràn sì lè wọ àárín òun àti òkúta láìfipá tì í. Òkúta tó rí ṣákáṣáká ló dára. Èyí tó dán á sé ojú ọgbẹ́ pa, omi kò ní rí àyè gbà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni rírà sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn ègé kéékèèké, Xenia, Capnella, àti Discosoma tàbí Rhodactis tí wọ́n ń pè ní mushroom, abọ́ ike kékeré dára jù. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tó tó bíi 1 cm sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ tò wọ́n sórí rẹ̀, kí ẹ ta àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu abọ́, kí ẹ fi rọ́bà dè é. Ẹ lu ihò díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà kí ikun lè rí ọ̀nà jáde. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ òkúta fúnra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ẹ ṣí àwọ̀n ní gbogbo ọjọ́ kẹta láti fọ ọ́, nítorí ewéko omi á dí ihò rẹ̀.

Ibi tí ègé máa dúró sí

Apá ìsàlẹ̀ táǹkì, àmọ́ kì í ṣe orí iyanrìn. Ẹja àti ìgbín á fọ́n iyanrìn sójú ọgbẹ́, á sì máa họ ọ́. Pẹpẹ ike tó gbé wọn sókè bíi 5 cm sí ilẹ̀ ti tó. Iná tó wà láàárín PAR (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí iyùn lè lò) 50 sí 100 ni kí wọ́n gbà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tí ẹ kò bá ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn PAR, ẹ wá ibi tí òjìji apá kan òkúta ń bò, tàbí kí ẹ dín iná kù sí ìdajì kí ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.

Ìṣàn omi ló nira láti júwe. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé pọ́ǹpù kọjú sí wọn tààrà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé omi dá dúró láyìíká wọn. Ẹ wo okùn ikun tó ń jáde lára ègé: tó bá so rọ̀ fún ju wákàtí kan lọ, ìṣàn kò tó, tí ègé bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kò dìde, ó ti pọ̀ jù. Ìṣàn tó ń yí ọ̀nà padà, tó ń jẹ́ kí ègé mì sọ́tùn-ún sósì, ló dára. Ẹ fi sírínjì ńlá tí kò ní abẹ́rẹ́ fẹ́ omi sí wọn lára lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, láti bíi 10 cm. Ẹ má fi ọwọ́ nu ikun náà, ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́.

Ègé irú kan lè sún mọ́ra wọn, bí kò bá ti fara kanra. Àmọ́ kí 10 cm ó kéré tán wà láàárín leather coral àti iyùn olókùúta. Ẹ yọ àwọn alákàn tó ń gbé inú ìkarahun ìgbín, tó máa ń gun orí pẹpẹ, kúrò. Wọn kì í fẹ́ jẹ ègé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn a máa tú u.

Ohun tí ẹ máa rí, láti ọjọ́ dé ọjọ́

Ní ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, ègé á sún kì, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú tàbí kó funfun díẹ̀, kò sì ní la pọ́líìpù kankan. Ẹ fi í sílẹ̀. Ojú ọgbẹ́ tó ń jinná máa ń funfun, á wá dán, etí rẹ̀ á sì ká sínú. Ẹ pààrọ̀ ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún omi táǹkì lọ́jọ́ kìíní lẹ́yìn gígé, kí ẹ sì pààrọ̀ èédú lọ́jọ́ kẹta, nítorí èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi síbẹ̀ ti yó.

Láti ọjọ́ kẹrin dé ìkeje, ó yẹ kí ègé tún le díẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ omi sí i. Sinularia àti Capnella sábà máa ń kọ́kọ́ la pọ́líìpù, Sarcophyton ló sì máa ń pẹ́ jù. Kí Sarcophyton pa dé fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kì í ṣe nǹkan tuntun, bí ara rẹ̀ bá ṣì le tí kò sì rùn. Àárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin ló máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta: ẹ ó rí i tí ẹran abẹ́ rẹ̀ tẹ́ kọjá ibi tí ẹ gbé e sí. Ìgbà náà ni kẹ́ ẹ gé rọ́bà, kí ẹ sì fa igi ìtayín yọ. Tí igi náà bá le láti yọ, ẹ gé orí méjèèjì kúrò. Iyùn á ti èyí tó kù jáde fúnra rẹ̀.

Ẹ má fún wọn lóúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Iná ni àwọn ewéko tíntìntín tó ń gbé inú ẹran wọn fi ń ṣe oúnjẹ fún wọn, oúnjẹ tí ẹ bá sì dà lé ègé tó pa dé, orí ikun ló máa jókòó sí, ibẹ̀ ló sì máa rà sí.

Tí nǹkan bá bàjẹ́

Rírà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Ohun tí ẹ ó rí ni ikun aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí eléérú tó ń já bí ẹ bá fẹ́ omi sí i, ẹran tó ń yọ́ lábẹ́ rẹ̀, àti òórùn ẹyin òbu tí ẹ bá gbé e jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi páìpù rọ́bà fa ikun náà jáde sínú garawa. Ẹ má jẹ́ kó fọ́n ká táǹkì, nítorí ó lè ran àwọn ègé yòókù. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ègé náà sínú abọ́, ẹ gé gbogbo ibi tó rà kúrò títí ẹ ó fi kan ẹran tó le, kí ẹ sì fi nǹkan bíi 5 mm kún un lára ibi tó dára. Ẹ rì í sínú àyódíìnì, kí ẹ so ó lọ́tọ̀, níbi tí omi ti ń ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá tún rà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jù ú nù. Èyí tí ó ju ìdajì ara rẹ̀ lọ ti rà kì í yè, ó sì ń tú amóníà sínú omi àwọn tó kù. Ẹ wọn amóníà lọ́jọ́ náà. Táǹkì tí kò tó 100 lítà tí ègé púpọ̀ wà nínú rẹ̀ lè bàjẹ́ láàárín òru kan ṣoṣo.

Ègé tó já kúrò lórí òkúta kò tíì kú. Ẹ wò ó lẹ́sẹ̀: bí ojú ọgbẹ́ bá ti dé, ẹ má tún gé e, ẹ kàn gbé e sínú abọ́ òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ àwọ̀n. Èyí tó ti ní awọ lórí ọgbẹ́ á pẹ́ díẹ̀ kó tó lẹ̀, àmọ́ á lẹ̀.

Bí ewéko omi bá ń hù sórí frag plug tó ń gùn dé ẹsẹ̀ ègé, iná ti pọ̀ jù tàbí ìṣàn kò tó. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lórí òkúta nìkan, kì í ṣe lórí iyùn. Bí ègé tó ti là tẹ́lẹ̀ bá pa dé lójijì, ẹ wọn iyọ̀ àti alkalinity kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀ lóru pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì: ìgbín òkun aláìníkarahun kan wà tó jẹ́ pé leather coral nìkan ló ń jẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti iyùn mu. Àwọn clownfish náà máa ń sọ Sarcophyton di ilé, wọ́n á máa fara nù ún títí kò fi ní lè là. Ẹ fi àwọ̀n ike dá ègé sọ́tọ̀ sí wọn títí á fi lágbára.

Ìyá iyùn àti gbígbé ègé sókè

Ìyá iyùn náà ní ọgbẹ́, kì í sì í ṣeé gbé kiri. Ẹ rí i pé ìṣàn omi ń kan ojú ọgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa fẹ́ ikun orí rẹ̀ kúrò pẹ̀lú sírínjì bí ti àwọn ègé. Igi ẹsẹ̀ Sarcophyton tí wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò pátá máa ń yọ orí tuntun, á kọ́kọ́ dà bí kùkùté lásán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má gé e mọ́ títí orí yẹn á fi tẹ́ dáadáa tí pọ́líìpù rẹ̀ á sì kún.

Ègé tó bá ti lẹ̀ mọ́ òkúta, tó sì ti la pọ́líìpù fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìdáwọ́ dúró, ni ẹ lè máa gbé sókè sí iná tó pọ̀ sí i: bíi 10 cm lọ́sẹ̀ kan, títí dé PAR 100 sí 150. Tó bá pa dé tí ọjọ́ mẹ́ta kọjá láìlà, ẹ dá a padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó tún gbìyànjú.